Ìkọ̀sílẹ̀ Nínú Eré Jàpáánì

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo ti wo apá kìíní «Saikō no Rikon», eré tẹlifíṣọ̀n Jàpáánì ti ọdún 2013. Báwo ni tọkọtaya ṣe lè kọ ara wọn láìdé ilé ẹjọ́? — Òǹkàwé kan, Kétu.

Ìdáhùn: A kí yín o. Bí tọkọtaya bá fohùn ṣọ̀kan ní Jàpáánì, tí àgbàlagbà méjì sì fọwọ́ síwèé ṣe ẹlẹ́rìí wọn, wọn yóò kàn mú ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ni, ìgbéyàwó tú nìyẹn; níhìn-ín, ní Bẹ̀nẹ̀, adájọ́ ní í tú u. Nínú eré náà, tọkọtaya tí ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 2011 sún mọ́ra wá ń jà lórí ìmọ́tótó ilé (ọkọ náà mà lè ráhùn o!), síbẹ̀ wọ́n kọ ara wọn tán, wọ́n ṣì ń gbé pọ̀, wọ́n ń fi í pamọ́ fún ẹbí. Ibẹ̀ gan-an ni eré náà ti dùn mọ́ mi.