Ìbéèrè Yín: Pátákó Tí Awakọ̀ Kò Kà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ wa gbé pátákó sí ẹnu géètì ilé ìwé pé kí awakọ̀ má lo fóònù. Ó ti lé lóṣù mẹ́ta, wọn ò kà á sí. Kí la ṣe tí kò tọ́? Ẹ sì bá wa dá sí i: ṣé ẹni tó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè fọwọ́ kan fóònù? — Òbí kan, Mọ̀lété, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn àwọn ọmọ. Ẹnu géètì tí ẹ gbé e sí ló kọ́kọ́ ba iṣẹ́ jẹ́. Ọkọ̀ tó ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá wo fóònù fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ti rin mítà 42 láì wo títì. Tó bá wá rí ọmọ lójijì, kó tó tẹ bíréèkì kí ọkọ̀ sì dúró, yóò tún jẹ tó mítà 25, bí bíréèkì bá dáa tí ilẹ̀ sì gbẹ. Ẹ gbé pátákó náà sí nǹkan bíi mítà 100 kó tó kan géètì, lápá ọ̀tún awakọ̀, kí ẹ sì ṣe òmíràn fún àwọn tó ń bọ̀ láti òdìkejì.

Ìlà méje la kà nínú fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́, orúkọ ẹni tó sanwó pátákó wà níbẹ̀. (Ẹ kọ orúkọ yẹn sẹ́yìn pátákó, kò ní bínú.) Àwọ̀ ewé tí ẹ kùn ún, bíi ti ilé ìtajà oògùn ló rí. Onígun mẹ́ta elétí pupa ni àmì ìkìlọ̀. Róbótó elétí pupa ni àmì èèwọ̀. Ẹ ya fóònù sínú róbótó, kí ẹ fi ìlà pupa dá a lẹ́bùú, ó tó. Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí i, kó má ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ, kí gíga lẹ́tà tó sẹ̀ǹtímítà 15.

Flex, ike tí wọ́n fi ń ṣe bánà, kì í pẹ́, oòrùn á ti fa àwọ̀ pupa rẹ̀ tán. Páànù tí wọ́n lẹ ike tó ń tanná padà mọ́ ni kí ẹ lò, nítorí òwúrọ̀ ọyẹ́. Kí ìsàlẹ̀ pátákó ga ju mítà 2 lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Micra tó dúró já èrò á bò ó.

Ní ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ: rárá. 4,000 náírà ni FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá lo fóònù nígbà tó ń wakọ̀, òbí tó ń pe ọmọ pé "mo ti dé géètì" náà kò yọ sílẹ̀. Bí ọ̀nà bá ṣí, ẹni tó ń tẹ fóònù á kàn tẹ̀ lé ọkọ̀ iwájú, ọmọ sì lè ti gba àárín ọkọ̀ méjèèjì. Bí ìpè náà bá pọn dandan, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹ tó gbé e. Ẹ má dúró síwájú géètì o: ọkọ̀ tó dúró níbẹ̀ kì í jẹ́ kí awakọ̀ rí ọmọ tó fẹ́ sọdá.