Nọ́ọ̀sì mélòó ló yẹ kó wà ní wọ́ọ̀dù yín, ta sì ni kí ẹ bi nípa ààbò? Ìdáhùn sí lẹ́tà àwọn òǹkàwé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù wa ní Gúúsù Kwara. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló kù ní ilé ìwòsàn alábọ́dé wa. Tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, ọlọ́dẹ nìkan la máa ń bá níbẹ̀. Bí a bá dé ọ́fíìsì tó yẹ, wọ́n á ní òṣìṣẹ́ wa pé lórí ìwé. Mélòó gan-an ló yẹ ká ní, ọ̀dọ̀ ta ni ká sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ? (Ọmọ ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù)

ÌDÁHÙN: Ẹni 24 ni. Iye yẹn ni NPHCDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìlera alábọ́dé, kọ sínú ìlànà rẹ̀ fún ilé ìwòsàn tó jẹ́ ti odidi wọ́ọ̀dù kan. Nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí 4, CHO (ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò) 1, CHEW (òṣìṣẹ́ ìlera tó ń wọ àdúgbò) 3, JCHEW (CHEW onípò kékeré) 6, ẹnì kan fún oògùn, ẹnì kan fún yàrá àyẹ̀wò, ẹnì kan fún káàdì àti àkọsílẹ̀, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó àyíká 1. Lẹ́yìn wọn ni olùrànlọ́wọ́ 2, ọlọ́dẹ 2 àti ẹnì kan tó ń tún nǹkan ilé ṣe. Dókítà 1 ló parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlànà yẹn fúnra rẹ̀ sọ pé bó bá wà ni.

Ẹ wò ó bí ìṣirò nọ́ọ̀sì ṣe rí. Ọjọ́ 7 lọ́sẹ̀, ṣíìfù 3 lójúmọ́, ó jẹ́ ṣíìfù 21. Bí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ń ṣe ṣíìfù 5 lọ́sẹ̀, ẹni 4 á ṣe 20. Ṣíìfù kan ti ṣófo nìyẹn, a ò sì tíì ka líìfù, àìsàn àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì yín kan ṣoṣo ò lè ṣe ju 5 nínú 21 lọ. Ṣíìfù 16 tó kù ni ọlọ́dẹ ń dúró dè yín. Kò sí ìbínú tàbí ẹ̀bẹ̀ tó lè mú obìnrin kan ṣoṣo wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án àti lóru, nítorí náà ẹ má ṣe bá a jà.

Ọ̀rọ̀ “òṣìṣẹ́ yín pé lórí ìwé” ni kí ẹ dì mú. Ó lè jẹ́ òótọ́, kí ilé ìwòsàn sì ṣófo. Ẹni tí wọ́n gbé lọ sí Ìlọrin láti lọ bá ọkọ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ṣì lè wà lọ́dọ̀ yín. Ẹni tó lọ fún ẹ̀kọ́ sí i, ẹni tó fẹ̀yìntì tí wọn ò fi ẹlòmíràn rọ́pò, ẹni tó ti kọjá sókè òkun láìkọ ìwé pé òun fiṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo wọn lè wà nínú iye tí wọ́n kà fún yín.

Ìwé mẹ́ta ló ń tú ọ̀rọ̀ yìí: ìwé orúkọ òṣìṣẹ́ tí wọ́n pín sí ilé ìwòsàn náà, ìwé ìpín ṣíìfù, àti ìwé tí òṣìṣẹ́ ń fọwọ́ sí bó bá dé. Ẹ gba ti oṣù kan náà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ tẹ́ wọn síra. Bí orúkọ bá wà nínú ìwé àkọ́kọ́ tí kò sí nínú ìpín ṣíìfù, ẹni náà ti lọ síbòmíràn, àríyànjiyàn yín wà pẹ̀lú ẹni tó ń pín òṣìṣẹ́ káàkiri. Bó bá wà nínú ìpín ṣíìfù tí kì í fọwọ́ sí ìwé, aláìwásíṣẹ́ ni, ọ̀gá ilé ìwòsàn ló gbọ́dọ̀ ṣàlàyé. Bí kò bá tiẹ̀ sí orúkọ tó tó 4 níbì kankan, ọ̀rọ̀ ìgbanisíṣẹ́ ni, ó ti kọjá agbára ọ̀gá ilé ìwòsàn, ìpínlẹ̀ ló kàn. Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù máa ń kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú ìwé ẹ̀sùn kan, òun ló fi ń rọrùn fún ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan láti na ìka sí èkejì.

Ní ti ibi tí ẹ máa lọ: ilé ìwòsàn alábọ́dé, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìlera alábọ́dé ní Ìlọrin ni, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ìlera kánsù yín. Ilé ìwòsàn jẹ́nẹ́rà bíi ti Ọ̀ffà tàbí Òmù-Àrán, ìpínlẹ̀ ló ni ín. UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, ti ìjọba àpapọ̀ ni, gómìnà ò lè gba nọ́ọ̀sì síbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwa fẹ́ kí ẹ wò kí ẹ tó kọ̀wé. Ìlànà kan náà yẹn sọ pé kí ilé òṣìṣẹ́ wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Bí òrùlé rẹ̀ bá ti ká, tí kò sí omi, nọ́ọ̀sì tuntun tí ẹ bá rí gbà á máa ti Ìlọrin wá lówùúrọ̀ ni, á sì padà ní aago méjì. Ẹ fi ipò ilé náà kún ìbéèrè yín.

ÌBÉÈRÈ: Òṣìṣẹ́ ìlera ni mí. Bí mo bá fún àwọn ará ìlú ní iye òṣìṣẹ́ tó kù, ṣé wọn ò ní lé mi? (Ẹ fi orúkọ bò mí láṣìírí)

ÌDÁHÙN: Abala 27 nínú òfin FOI ti ọdún 2011, òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìròyìn lọ́wọ́ ìjọba, ló dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá fi òtítọ́ inú tú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ síta. Síbẹ̀, ẹ má fi ara yín síwájú bó bá ṣeé ṣe. Ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù kọ̀wé béèrè, kí ìdáhùn sì gba ọwọ́ ọ́fíìsì jáde. Orúkọ aláìsàn, ohun tó ń ṣe é, ìwé káàdì rẹ̀: ẹ má jẹ́ kí ìwọ̀nyẹn kúrò lọ́wọ́ yín láé.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní òfin FOI ò de ìpínlẹ̀ àti kánsù, pé ti Àbújá nìkan ni. Òótọ́ ni? Báwo la ṣe ń kọ ìwé náà? (Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kan, ó ń gbé Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Àríyànjiyàn yẹn ti parí. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé òfin náà de ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ bákan náà. Ọ̀rọ̀ ìlera ló sì bí ẹjọ́ ọ̀hún: àwọn ará ìpínlẹ̀ Edo ló ń béèrè bí àjọ tó ń gbógun ti éèdì níbẹ̀ ṣe ná owó. Ẹ kọ ọjọ́ ìdájọ́ yẹn sínú lẹ́tà yín.

Lẹ́tà ojú ewé kan ti tó. Ẹ kọ ọ́ sí ẹni tó jẹ́ ọ̀gá àjọ náà, ẹ dárúkọ òfin FOI 2011, kí ẹ wá to ìbéèrè yín ní nọ́ńbà. Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Abala 1 ti yanjú ìyẹn. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè rán ẹlòmíràn, tàbí kó fi ẹnu sọ fún òṣìṣẹ́ àjọ náà, dandan ni kí òṣìṣẹ́ ọ̀hún kọ ọ́ sílẹ̀ (Abala 3).

Ibi tí lẹ́tà ti sábà máa ń bàjẹ́ ni ìbéèrè fúnra rẹ̀. “Kí ló dé tí ẹ ò fún wa ní nọ́ọ̀sì?” kì í ṣe ìbéèrè tí òfin lè fi mú ẹnikẹ́ni, nítorí òfin ò pàṣẹ àlàyé, ìwé tó wà nílẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé jáde. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí, CHEW àti JCHEW mélòó ni wọ́n pín sí ilé ìwòsàn báyìí-báyìí, láti oṣù kìíní sí oṣù kejìlá ọdún tó kọjá? Mélòó ló kúrò, mélòó ni wọ́n fi rọ́pò? Ẹ fún wa ní ẹ̀dà ìwé ìpín ṣíìfù oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn.” Ẹ béèrè iye, ẹ má béèrè àdírẹ́sì tàbí fáìlì ẹnikẹ́ni, torí Abala 14 gbà wọ́n láyè láti fi ọ̀rọ̀ ara ẹni pamọ́. Bí apá kan bá jẹ́ àṣírí, Abala 18 ní kí wọ́n yọ apá yẹn, kí wọ́n fún yín ní èyí tó kù.

Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ. Ẹ gbé ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lu èkejì, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó gbà á. Ẹ má gbé e fún gétímáànù. Láìsí òǹtẹ̀ yẹn, ẹ kò ní ẹ̀rí ọjọ́ tí wọ́n gbà á, ọjọ́ yẹn ni gbogbo òfin náà sì ń kà láti ibẹ̀.

Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní. Wọ́n lè fi 7 mìíràn kún un bí ìwé náà bá pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé sọ fún yín. Bó bá jẹ́ ọ́fíìsì mìíràn ló ni ìwé náà, àwọn ni kó fi lẹ́tà yín ránṣẹ́ síbẹ̀. Owó tí wọ́n lè gbà kò ju ti ẹ̀dà títẹ̀ àti àdàkọ lọ. Bí wọ́n bá dákẹ́, òfin ka ìdákẹ́ sí kíkọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ ní ọjọ́ 30 láti lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìlọrin, àjọ náà ni yóò sì ṣàlàyé ìdí tí kò fi yẹ kó fún yín. Bí wọ́n bá jẹ̀bi kíkọ̀ láìnídìí, owó ìtanràn jẹ́ ₦500,000. Bí ẹ kò bá lágbára agbẹjọ́rò, Àjọ Ẹ̀sùn Aráàlú (Public Complaints Commission), tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1975, wà ní gbogbo ìpínlẹ̀, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ 30 kọjá níbi tí ẹ ti ń dúró dè wọ́n ṣá.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé owó tiẹ̀ wà fún òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé, àbí ká fi wọ́n sílẹ̀? (Òǹkàwé kan, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Ó wà lábẹ́ òfin. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọ àpò rẹ̀ sọ́tọ̀. Nínú owó yẹn, 50 nínú ọgọ́rùn-ún fún ètò adójútòfò, 20 fún oògùn, 15 fún ilé, irinṣẹ́ àti ọkọ̀, 10 fún òṣìṣẹ́, 5 fún pàjáwìrì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àjọ ìpínlẹ̀: nínú 10 yẹn, èló ló dé Kwara lọ́dún tó kọjá, ènìyàn mélòó ni wọ́n sì fi gbà síṣẹ́? Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀dítọ̀ àgbà ìpínlẹ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà, Abala 125, ní kó gbé ìròyìn rẹ̀ lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin láàárín ọjọ́ 90 tó bá ti gba ìwé ìṣirò. Ẹ bi aṣojú yín bóyá wọ́n ti jókòó lé e.

ÌBÉÈRÈ: Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Erùkú, a gbọ́ ìlérí sójà, ọlọ́pàá àti ẹ̀ṣọ́ igbó. A ń rí ọkọ̀ lọ́jọ́ kan, a ò tún ní rí i fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí a bá béèrè, wọ́n á ní àṣírí ààbò ni. Ṣé ká dákẹ́ ni? (Àgbẹ̀ kan, Gúúsù Kwara)

ÌDÁHÙN: Ẹ má dákẹ́, bàbá wa. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni àwọn agbébọn kọlu ṣọ́ọ̀ṣì ní Erùkú, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní Kwara, tí wọ́n pààyàn tí wọ́n sì jí ènìyàn kó. 38 ló padà wálé ní ọjọ́ 23. Ní ọjọ́ 26, Ààrẹ kéde pàjáwìrì lórí ààbò, ó ní kí wọ́n gba ọlọ́pàá 20,000 kún iye tuntun tó ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀, kí àwọn tí wọ́n máa gbà lè di 50,000. Gbangba ni wọ́n ti sọ ọ́, gbangba ló sì yẹ kí wọ́n ti jíhìn rẹ̀.

Abala 11 òfin FOI gba ìjọba láyè láti kọ̀ bí ìdáhùn bá lè pa ètò ààbò orílẹ̀-èdè lára. Ṣùgbọ́n abala kan náà sọ pé bí àǹfààní aráàlú bá ju ìpalára yẹn lọ, wọn ò gbọdọ̀ kọ̀. Nítorí náà, ẹ má béèrè iye sójà tó wà ní oríta báyìí, irú ìbọn tí wọ́n gbé, tàbí aago tí wọ́n ń jáde. Wọn ò ní sọ ọ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí ajínigbé náà á gbọ́. Ẹ béèrè ohun tó ti kọjá: nínú àwọn ọlọ́pàá tuntun, mélòó ni wọ́n pín sí ìpínlẹ̀ Kwara? Ọkọ̀ mélòó ni wọ́n rà, mélòó ló ṣì ń rìn? Láàárín oṣù mẹ́fà, ìgbà mélòó ni wọ́n gba ìpè láti agbègbè yín, ìgbà mélòó ni wọ́n dé? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ló ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ sí; ìyókù ń sọ ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ lásán.

Ọ̀dọ̀ tó yẹ náà ṣe pàtàkì. Àwọn sójà tó wà ní Sobi, Bìrìgéèdì 22, abẹ́ iléeṣẹ́ ètò ààbò ni wọ́n wà. Sífù Dìfẹ́ńsì kò sí níbẹ̀, abẹ́ iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni. Ní ti ọlọ́pàá, PSC, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ ọlọ́pàá, ló ń gbà wọ́n síṣẹ́; ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti fìdí ìyẹn múlẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2023. Òfin 2019 dá Police Trust Fund, àpò owó irinṣẹ́ wọn, sílẹ̀; nígbà náà, ó yan ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ fún un, pẹ̀lú 0.005 nínú ọgọ́rùn-ún èrè àwọn iléeṣẹ́. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi rà fún Kwara. Fijilanté àti ọdẹ, ìpínlẹ̀ àti kánsù ni kí ẹ bi.

Abala 88 àti 89 ìwé òfin Nàìjíríà fún àwọn aṣòfin Àbújá lágbára láti pe ọ̀gá àjọ èyíkéyìí wá ṣàlàyé. Aṣojú méjì ni Gúúsù Kwara ní níbẹ̀, ọ̀kan fún Ọ̀ffà, Ọ̀yún àti Ìfẹ́lódùn, èkejì fún Èkìtì, Ìrẹ́pọ̀dùn, Isin àti Òkè-Ẹ̀rọ̀, yàtọ̀ sí sẹ́nétọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ jókòó nínú yàrá títì, kò burú. Bóyá ọkọ̀ dé tàbí kò dé kì í ṣe àṣírí.

Kí ìbéèrè yín lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, kó wà lọ́wọ́ ẹni kan tí kì í rìnrìn àjò. Nígbàkigbà tí ẹ bá pè fún ìrànlọ́wọ́, ẹ kọ ọjọ́, aago tí ẹ pè, nọ́ńbà tí ẹ pè, ẹni tó gbé e, aago tí wọ́n dé, ọkọ̀ wo, àti ohun tí wọ́n ṣe. Bí wọn ò bá dé, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà DPO (ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá) kan ṣoṣo kò tó, torí ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e lọ ni ìlà yín já; ẹ gba nọ́ńbà àgọ́ àti ti ìgbákejì rẹ̀, kí ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò lóṣooṣù. Lọ́jọ́ kejì ìpè kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan lọ sí àgọ́, kó rí i pé wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé tiwọn, kó sì gba nọ́ńbà rẹ̀ wá. Bí oṣù mẹ́ta bá pé, ẹ ṣe ẹ̀dà ojú ewé yẹn, ẹ fi so mọ́ lẹ́tà FOI yín, kí Ọba àti olórí ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù fọwọ́ sí i, kí ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá ní Ìlọrin, kí ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí aṣojú yín ní Àbújá.