Ta ni òwe "Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà" ń bá wí?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ta gan-an ni òwe yìí ń bú, àti pé ṣé ohun tó ń sọ ni pé kí àgbà máa pín ẹ̀bi fún tọ̀tún-tòsì, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹnìkan ló ṣẹ̀.

Adájọ́ ló ń bú. Ẹni tó ṣẹ̀ lè fi ìbínú ṣẹ̀, ó sì lè jẹ́ àìmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n gbẹ́jọ́ wá bá kò bá ẹnikẹ́ni jà, àyè wà fún un láti ránṣẹ́ pe ẹnì kejì, kò sì pè é. Ìwà ìkà nìyẹn, a kò gbọdọ̀ fi orúkọ mìíràn pè é.

Ẹ wo Ìtòkú, lọ́dọ̀ àwọn aládìrẹ l'Abẹ́òkúta. Ìyá kan kó téérú, aṣọ funfun, ọ̀pá márùn-ún fún aláró. Nígbà tí ìyá náà gbà á padà, ó fọ̀ ọ́, aró ṣí. Ó gbé e tọ ìyálọ́jà lọ: "Wọ́n ti bá mi baṣọ jẹ́ o!" Aṣọ ọ̀hún nìyí, gbogbo ojú ló rí i. Bí wọ́n bá dájọ́ lójú ẹsẹ̀, aláró ni yóò sanwó. Àmọ́ kí wọ́n pè é ná, kí wọ́n bi í pé: ẹ̀ẹ̀melòó lo rì í? Ṣé atẹ́gùn fẹ́ ẹ dáadáa kí omi tó kàn án? Aró tí atẹ́gùn kò fẹ́ tó, bí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́, yóò ṣí ni. Ibẹ̀ ni yóò ti hàn pé ẹni tó laṣọ ló ń kánjú nítorí òde, ó gbà á ní tútù, tí aláró náà sì mọ̀ pé kò tíì yá, ó gbé e fún un nítorí owó. Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ún.

Bí àwọn àgbà ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ ni pé olùpẹ̀jọ́ rojọ́ tán, ẹnikẹ́ni kì í já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ẹnì kejì tó fèsì. Ẹlẹ́rìí a dúró síta títí wọn yóò fi pè é, kó má baà gbọ́ ohun tí yóò tún sọ. Bí àgbà àti ọmọdé bá jọ jẹ̀bi, wọn a bá ọmọdé wí, wọn a ní kó máa lọ, kí wọ́n tó yíjú sí àgbà. Ibí yìí ló ti máa ń bàjẹ́ jù: ọmọdé ti lọ sílé pẹ̀lú ìrònú pé òun nìkan ló jẹ̀bi, ó di kùnrùngbùn. Ó yẹ kí ẹnìkan wá sọ fún un lẹ́yìn náà pé wọ́n ti bá àgbà náà sọ̀rọ̀.

Ní ti pínpín ẹ̀bi, rárá o. Ẹ gbọ́ tẹnu méjèèjì ni òwe wí, kò ní kẹ́ ẹ dá méjèèjì lẹ́bi. Kí wọ́n na obìnrin nílé ọkọ, kí ẹbí tún ní "ìwọ náà, ẹnu rẹ ti pọ̀ jù", ìkà kejì nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀ dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830 pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, ìlú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, olúkúlùkù pẹ̀lú Ògbóni tirẹ̀ tó ń gbẹ́jọ́. Òwu wá dára pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà. Ẹjọ́ tí wọ́n bá gbè sápá kan láàárín ará Gbágùrá àti ará Òwu lè di ti ìlú sí ìlú.

Lóde òní, orí WhatsApp ni ẹjọ́ ń gbà wọlé. Ẹnìkan á fohùn ránṣẹ́ sórí gúrúùpù ẹbí, wọn á ti dájọ́ kí ẹnì kejì tó jí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i, kó má fi ránṣẹ́ síbòmíràn. Kó fèsì pé, "Mo ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ tẹnu rẹ̀ náà," kó sì pe ẹni ọ̀hún lọ́jọ́ náà gan-an.