Èsì: Ẹ má gba ẹ̀rọ yẹn sí ṣọ́ọ̀bù yín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà á. Ẹ ní ọkùnrin kan fẹ́ gbé ẹ̀rọ tó ń gba síìmù púpọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù yín ní Wúsè, l'Ábújá, pé òun á máa sanwó fún yín lóṣooṣù, kí ẹ ṣáà ti fún un ní iná àti íntánẹ́ẹ̀tì. SIM box nìyẹn.

Tí èèyàn bá pè wá láti òkè òkun, owó tí iléeṣẹ́ fóònù tọ̀hún ń san kí ìpè náà tó wọlé síbí ju ti ìpè abẹ́lé lọ dáadáa. Àwọn tó ń lo SIM box á darí ìpè náà gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ yẹn á wá fi síìmù Nàìjíríà tún un pè, àfi bíi pé Kúbwà ló ti wá. Ìyàtọ̀ owó méjèèjì, àpò wọn ló ń lọ. Àbúrò mi pè mí láti London lọ́sẹ̀ tó kọjá; dípò +44, nọ́ńbà 080 kan tí mi ò mọ̀ rí ló yọ lójú fóònù. Mo pè é padà, kò lọ.

Òfin ò gbà á rárá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé bí ajínigbé bá gba orí ẹ̀rọ yẹn pe ẹbí ẹni tó jí gbé, ṣọ́ọ̀bù yín ni ọlọ́pàá máa já sí.

Tó bá jẹ́ pé owó ìpè àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ló ń dùn yín, ẹ béèrè CUG, ìyẹn ètò tó ń so nọ́ńbà àwọn ará iṣẹ́ kan pọ̀, lọ́wọ́ iléeṣẹ́ fóònù yín: ẹ ó máa san iye kan lóṣù, àwọn nọ́ńbà yín á sì máa pera wọn. Tí ọkùnrin náà bá tún padà wá, ẹ pe 622 ti NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ fóònù.