Iṣẹ́ Ìyàwó, Owó Ọkọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ará Benue ni wá, agọ́ oko kòkó kan lẹ́yìn Àkúrẹ́ la ń gbé. Ọkọ mi ni ọ̀gá bá ṣàdéhùn ọdún kan, òun ni wọ́n sì ń sanwó fún nípàárí ọdún. Èmi náà ń fọ́ kòkó, mo ń sá a, mo ń pọnmi ìfínkòkó. Níbi iṣẹ́ ojúmọ́, ₦4,000 ni tèmi, ₦6,000 ni tọkùnrin. Mo lóyún oṣù mẹ́rin. Kí ni kí n ṣe? (Aláboyún inú agọ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnira, arábìnrin wa. Orúkọ yín tí kò sí nínú àdéhùn ló ń pa yín lára jù. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa ní kí agbanisíṣẹ́ kọ àdéhùn fún òṣìṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé, kí owó má sì pẹ́ ju oṣù kan lọ kó tó jáde. Sísan án nípàárí ọdún kò bófin mu, àtọkọ àtaya. Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ bá ọ̀gá sọ ọ́, kó kọ tiyín lọ́tọ̀.

Ẹ yé fi ojúmọ́ díye, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ obìnrin jẹ. Agbọ̀n kòkó àti kẹ́ẹ̀gì omi ni kí ẹ máa kà. Táǹkì ìfínkòkó lítà 15, tí wọ́n bá po mẹ́wàá, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́fà lẹ ti pọn. Iṣẹ́ tó níye ni. (Ẹ jọ̀ọ́, pẹ̀lú oyún yìí, ẹ má po oògùn náà.) Ẹ kọ ọjọ́, iṣẹ́, iye àti owó sínú ìwé kékeré, kí ẹni tó sanwó fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀.

Ní ti oyún, abala 54 òfin náà kan iṣẹ́ oko pẹ̀lú. Tí ẹ bá ní ìwé dókítà, ẹ lè sinmi ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ. Ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ní kí ẹ ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ti lo oṣù 6 lọ́dọ̀ ọ̀gá, ó kéré tán ìdajì owó yín gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹ̀rí oṣù 6 yìí ló máa ń ṣòro, torí orúkọ ọkọ nìkan ló wà nínú ìwé.

Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ ₦70,000, owó oṣù tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀, lọ bá wọn o: òfin yẹn kò mú ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Ti owó dọ́gba fún iṣẹ́ dọ́gba ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí rẹ̀ láti 1974. Kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ wà ní Àkúrẹ́, Legal Aid Council náà sì ń ran ẹni tí kò lówó lọ́yà lọ́wọ́. Ẹ gbé ìwé kékeré yẹn dání lọ, kí àwọn tó rí yín lẹ́nu iṣẹ́ tó tú ká kúrò lágọ̀ọ́.