Èsì: Àpẹ́ńdíìsì tí wọ́n bá nínú ìpá bàbá yín

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ kú àníyàn bàbá. Ẹ ní dókítà bá àpẹ́ńdíìsì, ìyẹn ẹ̀ka ìfun kékeré bí ìka tó so mọ́ ìfun ńlá, nínú ìpá wọn, ẹ wá ń bèèrè bóyá ọwọ́ ayé ni. Rárá o. Ó ṣọ̀wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nínú ìpá, ìfun tàbí ọ̀rá inú ló sábà máa ń yọ gba ibi tí ẹran ikùn ti dẹ̀, àmọ́ ohun tó bá wà nítòsí lè bá a lọ. Apá ọ̀tún ni àpẹ́ńdíìsì wà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìpá ọ̀tún ni wọ́n sábà ti ń bá a. Lọ́dún 1735, ní London, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Claudius Amyand, bá a nínú ìpá ọmọkùnrin ọlọ́dún 11 kan. Píìnì tí ọmọ náà gbé mì ti dá a lu. Ó gé e, ọmọ náà sì yè.

Àpò ìtọ̀ náà máa ń wọ ibẹ̀, pàápàá lára àgbà ọkùnrin. Ẹni náà á tọ̀ tán, ìpá á fọn. Tó bá tẹ̀ ẹ́, ìtọ̀ á tún dà. Lára ọmọbìnrin jòjòló, ilé ẹyin lè wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi òrí ra á wọlé!

Bí ìpá bá le, tó ń ro èèyàn, tí kò wọlé mọ́, tí ẹni náà ń bì, ẹ gbé e lọ ọsibítù ní Adó tàbí Ìdó lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró se àgbo.