Èèrà tó ṣù bo ìtọ̀: kí ni àwọn àgbà ń wò níbẹ̀?

Ẹnìkan láti Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, béèrè ìdí tí àwọn àgbà fi ń ní kí ẹni tó ń rù, tí òùngbẹ sì ń gbẹ ní gbogbo ìgbà, tọ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí wọ́n lè ṣọ́ bóyá èèrà yóò ṣù bò ó. Ó tún fẹ́ mọ̀ bóyá èyí tó láti fi mọ àtọ̀gbẹ.

Àṣà náà ní ìpìlẹ̀. Ṣúgà ni èèrà ń wá, ìtọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í sì í ní ṣúgà tó lè fà á mọ́ra. Àwọn oníṣègùn Íńdíà àtijọ́ náà kíyè sí i, nítorí náà n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni pe ìmọ̀ àwọn àgbà wa ní asán.

Ṣùgbọ́n èèrà kì í wọn nǹkan. Kíndìnrín a máa dá ṣúgà padà sínú ẹ̀jẹ̀, àfi bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bá kọjá nǹkan bíi gíráàmù 1,80 nínú lítà kan ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà sínú ìtọ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò tíì fẹnu kan oúnjẹ láti òru, tí ṣúgà rẹ̀ tó 1,26, tí àyẹ̀wò mìíràn sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ti ní àtọ̀gbẹ ná. Láàárín iye méjèèjì yìí, àìsàn lè máa ba ojú àti iṣan jẹ́ fún ọdún púpọ̀ láìsí èèrà kan tí yóò yọjú. Aboyún ẹ̀wẹ̀ lè rí èèrà láìní àtọ̀gbẹ, torí pé kíndìnrín rẹ̀ a máa tètè jọ̀wọ́ ṣúgà.

Ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ lọ wọ̀n. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ ìka sí ni, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kí ẹ sì nù ún gbẹ, nítorí omi ọsàn tàbí ti mángòrò tó bá kù lára ìka yóò wọ inú iye tí ẹ̀rọ náà kà.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù fún ẹ̀yin tí ẹ ń ré ẹnubodè kọjá lọ gba ìtọ́jú ní Ìmẹ̀kọ tàbí Abẹ́òkúta. Gíráàmù nínú lítà ni wọ́n ń kọ sórí èsì àyẹ̀wò ní Benin, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n mìíràn, mg/dL tàbí mmol/L, ni ẹ ó bá ní Nàìjíríà, nítorí náà 1,26 ti Kétu, 126 (mg/dL) àti 7 (mmol/L) ti ọ̀hún, ṣúgà kan náà ni. Ẹni tó bá rí i pé iye náà yàtọ̀, tó sì rò pé àìsàn òun ti le sí i, tó wá sọ oògùn rẹ̀ di ìlọ́po méjì, lè fa ṣúgà ara rẹ̀ wálẹ̀ kọjá 0,70, kí ara máa gbọ̀n, kí òógùn bò ó, kó sì dákú.